Ṣé kí n ṣì san rẹ́ǹtì ṣọ́ọ̀bù ìwé mi?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń dá wa lóhùn. Ẹ̀gbẹ́ Ọjà Ọba níbí l'Óṣogbo ni mo ti ń ta ìwé, ó ti lé lógún ọdún. Lańdíìlọ́ọ̀dù ń bèèrè rẹ́ǹtì ọdún méjì, ọmọ mi tó wà ní yunifásítì wá ní kí n má san án, pé orí fóònù layé ti ń kàwé báyìí, pé láìpẹ́ ìwé bébà ò ní wúlò ju ká fi di àkàrà lọ. Mo wo bí kọ́sítọ́mà ṣe ń dínkù, mi ò lè ní irọ́ ló pa. Ṣé ìwé bébà máa kú ni, àbí àwọn méjèèjì á jọ máa lọ? (Ìyá Oníwèé, Òṣogbo)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìrọ́jú, mà. Ìwé bébà ò ní kú, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló máa yè, ibẹ̀ lọmọ yín ti rí òótọ́ díẹ̀.

Èyí tó ń lọ ni ìwé téèyàn kì í jókòó kà, tá a kàn ń ṣí láti fi wá nǹkan kan ká tó pa á dé. Encyclopaedia Britannica, ìwé ńlá tá a ti ń wá àlàyé nípa oríṣiríṣi nǹkan, tí wọ́n ti ń tẹ̀ láti 1768, ní 2012 ni wọ́n kéde pé àwọn ò tẹ̀ ẹ́ mọ́, orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ló kù sí. Tẹ́ ẹ bá ní irú ẹ̀ lórí pẹpẹ, ẹ tètè tà á. Àmọ́ látìgbà tí Amazon, ilé iṣẹ́ tó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti gbé Kindle, ẹ̀rọ tá a fi ń kàwé, jáde ní 2007 ni wọ́n ti ń ní bébà ti parí, ẹ wá wò ó, ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ti ṣe é gan-an, ìwé bébà ni wọ́n ṣì ń tà jù.

Àwa náà sì ti tọ́ ọ wò l'Óṣogbo níbí. Ẹ rántí Ọpọ́n Ìmọ̀ tí ìjọba Aregbesola gbé jáde ní 2013, táblẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kó ìwé ẹ̀kọ́ àti past question sí fáwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gba tiẹ̀, inú mi dùn gan-an, torí bàbá ẹ̀ ò rówó ra ìwé mẹ́ta fún un rí, ọmọ wá ní gbogbo ẹ̀ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́jọ́ kan ó já bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, ojú ẹ̀ là, bí gbogbo ìwé ẹ̀ ṣe lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo nìyẹn. Tó bá ṣe ìwé bébà ni, á kàn bẹ̀rẹ̀ mú un, á gbọn iyẹ̀pẹ̀ ara ẹ̀ dànù. Lóòótọ́ bébà náà ní ọ̀tá tiẹ̀, ikán àti òrùlé tó ń jò, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ.

Ohun tó ká mi lára jù ni pé ta ló ni ìwé téèyàn rà sórí ẹ̀rọ? Ní July 2009, àwọn tó ra ìwé George Orwell méjì kan sórí Kindle wọn ṣàdédé wá a tì, Amazon ti yọ ọ́ látọ̀nà jíjìn, wọ́n ní ẹni tó gbé e sọ́jà ò láṣẹ ẹ̀. Ní 2019 Microsoft, ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, pa ilé ìtàwé orí íntánẹ́ẹ̀tì tiwọn dé, ìwé táwọn èèyàn rà níbẹ̀ ò ṣeé ṣí mọ́. Wọ́n dá owó padà o, àmọ́ ẹni tó ti fàlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ tó fẹ́ràn nínú ìwé ẹ̀, owó wo ló fẹ́ fi rà á padà?

Èdè wa náà wà níbẹ̀. Nínú kọ̀ǹpútà, lẹ́tà ẹ ní nọ́ńbà tiẹ̀ tí ẹ̀rọ fi ń dá a mọ̀, é náà ní tiẹ̀, àmọ́ ẹ́ tó gba àmì lókè gbà á nísàlẹ̀ ò ní nọ́ńbà kankan, fóònù fúnra ẹ̀ ló máa tò ó pọ̀, tí fọ́ǹtì ẹ̀, ìyẹn ìrísí lẹ́tà tó ń lò, ò bá sì mọ̀ ọ́n tò, àmì á yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí kó di àpótí kékeré. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo jókòó ti ọmọ kíláàsì kẹrin kan tó ń ka ìtàn lórí fóònù màmá ẹ̀, ó kà á pé "Bàbá gbé ọkọ kọ́ èjìká", ó dúró, ó wò mí lójú, ó ní "ọkọ ta ni?" Ọkọ́ tá a fi ń roko ni wọ́n kọ o, àmì orí ẹ̀ ló ti di àpótí. Lórí bébà, ibi tí wọ́n bá tẹ àmì sí náà ló máa wà. Ẹ kó ìwé Yorùbá àwọn ọmọdé wọlé dáadáa, mà.

Mi ò bá fóònù jà o. Màmá mi tójú wọn ti ń ṣe bàìbàì, orí fóònù ni wọ́n ti ń ka Bíbélì báyìí, wọ́n á fìka méjì fẹ lẹ́tà kó tóbi, ìwé bébà wo ló lè ṣèyẹn? Ohun tó ń pa ọjà yín gan-an ni PDF tí wọ́n jí, ẹnì kan á ra ìwé kan ṣoṣo, á ya fọ́tò ẹ̀ lójú ewé lójú ewé, á jù ú sí gúrúùpù WhatsApp, igba èèyàn á gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tó kọ ọ́ ò ní rí kọ́bọ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tà á náà ò ní rí. Ẹni tí ò rówó nínú ìwé àkọ́kọ́ ò ní kọ ìkejì, a ò wá ní rí i kà lórí bébà, a ò ní rí i lórí fóònù. Ẹ bi ọmọ yín bóyá ó wà nírú gúrúùpù bẹ́ẹ̀, tó bá wà ńbẹ̀, ẹ ní kó jáde.

Ẹ bẹ lańdíìlọ́ọ̀dù kó gba ti ọdún kan, ẹ má san méjì. Ẹ fi owó tó kù ra ìwé tí iléèwé máa bèèrè ní September, Kùránì, Bíbélì, àti past question, torí orí kọ̀ǹpútà ni JAMB ti ń ṣe gbogbo ìdánwò ẹ̀ láti 2015, síbẹ̀ ẹ̀yin náà mọ̀ pé àwọn ọmọ ṣì ń ra oníbébà wá kà sílẹ̀. Kí ọmọ yín náà máa bá yín ya fọ́tò èèpo ìwé tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kó máa gbé e sórí status pẹ̀lú iye ẹ̀, kí kọ́sítọ́mà tó wà ní Òkè-Fìà lè ti mọ̀ pé ó wà nílẹ̀ kó tó wọ kẹ̀kẹ́ wá.