Má tíì pè é ní eégbọn

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́. O ní o rí kòkòrò kan tó pupa rúsúrúsú nínú ewé jíjẹrà nínú igbó gúúsù Kamẹrúùnù, pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúkúrú, kò sì lójú, o wá fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé eégbọn ni. Jọ̀ọ́, má tíì kọ ọ́.

Odidi ọdún kan ni mo fi ṣe àṣìṣe yẹn. A máa ń gbọn ewé lórí asẹ́, a ó da ohun tó bá jò sínú àrọ, a ó tan gílóòbù sókè rẹ̀ kí ooru lè lé àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀ bọ́ sínú ìgò sípíríìtì. Èyí tó bá ti jọ eégbọn, ìgò eégbọn ni mò ń jù ú sí. Ọjọ́ tí ọ̀gá mi tú ìgò náà sórí àwo, tó fi abẹ́rẹ́ yí ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ lábẹ́ máíkíròsíkóòpù, ni mo tó rí i: gegele méjì bí òkìtì ikán, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, lápá iwájú ẹ̀yìn rẹ̀. Ibẹ̀ ni oje olóòórùn ti ń jáde. Eégbọn kì í ní in. Harvestman ni, ẹ̀dá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ tó bá aláǹtakùn tan, ẹ̀yà Cyphophthalmi tí ẹsẹ̀ wọn kì í gùn.

Níbi tí o wà yẹn, ó lè jẹ́ Ogoveidae tàbí Neogoveidae, ìdílé méjì nínú Cyphophthalmi. Àìlójú kò lè yà wọ́n fún ọ, torí àwọn méjèèjì ni kò lójú. Ìdílé Ogoveidae kéré gan-an: Ogovea nìkan ló wà níbẹ̀, oríṣi mẹ́ta péré. Orúkọ odò Ogooué ní Gabon ni àwọn onímọ̀ ẹ̀dá Hansen àti Sørensen fi sọ ọ́ ní 1904, wọ́n pè é ní Ogovia. Ẹ̀dá mìíràn ti ń jẹ́ orúkọ yẹn ṣáájú, ni Roewer bá yí i sí Ogovea ní 1923. Lẹ́tà kan ṣoṣo yẹn dà mí láàmú púpọ̀; mo kọ ọ́ sínú ìwé bí ẹni pé ẹ̀dá méjì ni. Shear ló sọ ọ́ di ìdílé ní 1980, Giribet àti Prieto sì fi Ogovea cameroonensis kún un ní 2003.

Akọ ni kó o wá. Ẹ̀gún kékeré kan máa ń wà lórí ègé tó gbẹ̀yìn ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn akọ, abo kì í ní in. Yí i padà kí ikùn rẹ̀ wà lókè, nítorí abẹ́ ikùn ni ẹ̀rí pọ̀ sí. Sípíríìtì 95% ni kó o fi pa á mọ́, kì í ṣe fọ́málínì. Fọ́málínì ni mo fi ba DNA akọ kan ṣoṣo tí mo rí lọ́dún náà jẹ́, ó ṣì ń dùn mí.

Tó o bá ti yí i, ya àwòrán ikùn rẹ̀, kó o sì ya àwòrán gegele méjèèjì láti ẹ̀gbẹ́, kó o fi ránṣẹ́ sí mi.