Ọmọ yín ti mọ̀ pé owó ò sí

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọkọ yín, ẹ sì ń bèèrè bóyá kí ẹ sọ fún ọmọ yín ọmọ ọdún 9 tàbí kí ẹ pa á mọ́. Ó ti mọ̀. Bó ṣe le tó nìkan ni kò mọ̀, èyí tó ń rò lọ́kàn sì lè burú ju òótọ́ lọ.

Nígbà tó kàn mí, odindi oṣù 7 la fi bò ó fún àkọ́bí wa obìnrin. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún láràárọ̀ ọjọ́ iléèwé. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sórí ibùsùn, ohun tó ti fi sílẹ̀ láti kékeré. Dókítà tẹ ikùn rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, ó yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ó ní ó ń díbọ́n ni. Kò bi wá ní nǹkan kan nípa ilé! Mo gbà á gbọ́, mo sì na ọmọ náà. Igbe yẹn ò tíì kúrò létí mi. Lọ́jọ́ kan mo tú báàgì rẹ̀, mo bá lẹ́tà iléèwé 4 tó ká wẹ́wẹ́ sísàlẹ̀: owó ni wọ́n ń bèèrè. Ó ní òun ò fẹ́ kí n tún máa pariwo mọ́ màmá òun lóru. Èmi rò pé ó máa ń sùn ni.

Lẹ́yìn náà ni mo kà nípa Glen Elder, onímọ̀ nípa àwùjọ ará Amẹ́ríkà, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n yẹ àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ ìlú Oakland ní California wò, àwọn tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀ lójú wọn láàárín ọdún 1930 sí 1939. Ìwà bàbá tó le koko ni àìrówó ilé gbà dé ara àwọn ọmọbìnrin. Mo pa ìwé náà dé.

Iléèwé ńkọ́? Ẹ tètè lọ bá ọ̀gá àgbà, ẹ bèèrè ìrànwọ́. Ẹ fi olùdámọ̀ràn wọn sílẹ̀. Tèmi ní kí n "máa bá a ṣeré", nígbà tí mo ní owó ni ìṣòro, ó wo aago. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rán ọmọ lọ sẹ́nu ọ̀nà láti sọ fún ẹni tó wá sin gbèsè pé ẹ ò sí nílé. A ṣe é. Títí di òní, ara rẹ̀ máa ń gbọ̀n tí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn.

Ẹ̀n-ẹ́n, ìbéèrè yín. Ẹ sọ pé owó tó ń wọlé ti dín kù, pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, pé àgbà ló ń wá ọ̀nà àbáyọ. Ẹ má ṣèlérí ohun tí kò dá yín lójú. Èmi fọwọ́ sọ̀yà pé a ò ní kó kúrò nílé yẹn. Oṣù kejì sí ìgbà yẹn la kó.