Ẹ Bi Àǹtí: Ṣé kí bàbá mi ta oko kajú torí iléèwé mi?

Ìbéèrè: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Tánkẹ ni mo ń gbé, télọ̀ ni mí, aṣọ àwọn stúdẹ́ńtì ni mo ń rán jù, ọdún kẹrin rèé tí mo ti ṣe frídọ̀mù. Mo wá gba admíṣọ̀n sí Unilorin báyìí, Accounting, inú mi dùn àmọ́ mi ò rí oorun sùn látìgbà náà. Bàbá mi tó wà nílé l'Ómù-Àrán ní àwọn máa ta oko kajú àwọn kí n lè rówó kàwé, oko yẹn nìkan ló sì kù sí wọn lọ́wọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan, Accounting náà ló kà, ó ti sìnlú tán tipẹ́, POS ló ń ṣe ní Challenge, òun ló tún ń sọ pé kọ̀ǹpútà ti gba gbogbo iṣẹ́ táwọn kọ́. Wọ́n ní ìjọba ń yáni lówó, bàbá mi ní àwọn ò fẹ́ owó èlé. Kí ni kí n ṣe?
Télọ̀, Tánkẹ

Ìdáhùn: Àbúrò mi, kí bàbá má tíì ta nǹkan kan o. Ó máa ń dùn mí gan-an bí àwọn òbí wa ní Ìgbómìnà ṣe ń tètè ta ilẹ̀ torí admíṣọ̀n, láìtíì jókòó ṣírò ohun tí iléèwé máa gbà. Fún ọmọ tó ń bọ̀ láti Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán, owó ilé, owó oúnjẹ àti owó mọ́tò dé inú ọgbà ló ń gbẹ́ àpò. Ilé ní Tánkẹ àti Òkè-Odò ti wọ́n jù, ìwọ sì ti ń gbé ibẹ̀, abẹ́rẹ́ ẹ ló ń san rẹ́ǹtì ẹ. Èyí tó wúwo jù, o ti ń gbé e tẹ́lẹ̀.

NELFUND ni owó ìjọba yẹn. Kò lélé rárá, kí bàbá fọkàn balẹ̀. Òfin tí wọ́n buwọ́ lù ní April 2024 ló gbé e dúró báyìí, iléèwé ìjọba ló wà fún, wọ́n á san owó iléèwé tààrà fún iléèwé, o tún lè béèrè 20,000 náírà lóṣooṣù fún ìnáwó ara ẹ. Ó di ọdún méjì lẹ́yìn tó o bá sìnlú kí sísan tó bẹ̀rẹ̀, tó o bá wà lẹ́nu iṣẹ́ oṣù, 10% owó oṣù ni wọ́n á máa yọ. Gbèsè ni o, mi ò ní pè é ní ẹ̀bùn, ó sì lè pẹ́ kó tó wọlé, torí náà owó ìbẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀.

Òótọ́ lẹ̀gbọ́n ẹ sọ. Kéèyàn jókòó máa kọ owó tó wọlé àtèyí tó jáde, kọ̀ǹpútà ti gba ìyẹn, kò dẹ̀ ní dá a padà. Àmọ́ ẹni tó máa wo fígọ̀ tó máa rí i pé ibí lowó ti ń jò, tó máa fọwọ́ sí i, tí wọ́n bá bi í á lè dáhùn, wọ́n ṣì ń wá a. Kọ́ Excel láti 100 level, kó o sì bẹ̀rẹ̀ ìdánwò ICAN, ìyẹn ti ẹgbẹ́ àwọn akáǹtáǹtì, kó o tó jáde. Iṣẹ́ ńkọ́? Mi ò lè fi dá ẹ lójú, ẹni tó bá ṣèlérí ẹ̀ ń tàn ẹ́ ni.

Ìdí tí mi ò fi fẹ́ kó o ti ṣọ́ọ̀bù nìyẹn. Lọ́dún 2022 tí ASUU yanṣẹ́ lódì fóṣù mẹ́jọ, ẹni tó níṣẹ́ lọ́wọ́ ò dúró de ẹnikẹ́ni kó tó jẹun. Gba ọmọ iṣẹ́ kan, má gba aṣọ púpọ̀ lásìkò ìdánwò, kó o sì máa kọ gbogbo yàdì, òwú, zip àti epo jẹnẹrétọ̀ sílẹ̀, ṣọ́ọ̀bù ẹ ni kó o kọ́kọ́ ṣe Accounting fún.

Tó o bá délé l'Ómù-Àrán, má kàn sọ fún bàbá pé o ò fẹ́, ó lè dun wọ́n. Kúnlẹ̀ dúpẹ́, kó o mú bírò àti ìwé, kẹ́ ẹ jọ ṣírò ẹ̀ lójú wọn, kó o bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dúró de kajú tọdún tó ń bọ̀ ná, owó ohun tó bá so ni kí wọ́n fún ẹ.