Kí ló pa tẹ̀tẹ̀ mi?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Itòsí Ṣakí ni oko mi wà, ilẹ̀ yanrìn ni. Ní oṣù kẹrin, mo fín atrazine, oògùn apakoríko, sí oko àgbàdo. Nígbà tí mo ya àgbàdo tán ní ìparí oṣù keje, mo gbin tẹ̀tẹ̀ síbẹ̀. Ó hù dáadáa, àmọ́ kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí etí ewé rẹ̀ fi pọ́n bí ìyeyè, ó sì kú. Iye kan náà ni ọ̀rẹ́ mi fín sí oko rẹ̀ lẹ́bàá odò, tẹ̀tẹ̀ tirẹ̀ sì ń dán. Ṣé ayédèrú oògùn ni wọ́n tà fún mi ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́, ó dùn mí fún yín. Ayédèrú kọ́ o. Oògùn oṣù kẹrin yẹn ló ṣì wà nílẹ̀. Bó ṣe ń ṣe nìyẹn: á jẹ́ kí irúgbìn hù, gbòǹgbò á fà á mu, ewé kò sì ní lè fi oòrùn ṣe oúnjẹ mọ́. Etí ewé ìsàlẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ pọ́n.

Ilẹ̀ yín àti ti ọ̀rẹ́ yín ni kò rí bákan náà. Ilẹ̀dú tó wà lẹ́bàá odò kún fún ewé tó ti jẹrà; oògùn á lẹ̀ mọ́ ọn, gbòǹgbò kò ní rí púpọ̀ fà. Ó tutù, àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí sì pọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn ló ń jẹ atrazine tán. Yanrìn tó gbẹ kò ní wọn tó bẹ́ẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ilẹ̀, nǹkan bí 60 ọjọ́ ni ìdajì rẹ̀ fi ń lọ, ìdajì èyí tó kù á tún gba 60 mìíràn. Tiyín kò tíì pé 120 ọjọ́ tí ẹ fi gbin tẹ̀tẹ̀ lé e lórí.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ sun pàǹtí kí ẹ tó gbin àgbàdo? Lóko mi ní Ìṣẹ́yìn, ojú ibi roboto mẹ́ta péré ni tẹ̀tẹ̀ ti kú lọ́dún kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó ẹní. Mo wò ó títí kí n tó rántí pé ibẹ̀ gan-an ni mo ti sun igbó tí a ṣán. Ilẹ̀ tó bá ní kíkan díẹ̀ ni atrazine tètè ń fọ́ nínú rẹ̀, eérú sì máa ń pa kíkan ilẹ̀, oògùn á wá pẹ́ níbẹ̀.

Ẹ má fi èyí wọn gbogbo oògùn apakoríko o. Amọ̀ àti ilẹ̀ pupa ni glyphosate máa ń lẹ̀ mọ́ gírígírí. Ti paraquat tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè wà nínú amọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. NAFDAC ti fòfin dè é láti January 1, 2024, wọ́n sì kéde pé àwọn á fòfin de atrazine náà láti January 1, 2025. Ẹ má rà á mọ́. Èyí tí yanrìn kò bá dì mú, òjò á gbé e lọ bá omi kànga tí àwọn ọmọ yín ń mu.

Kí ẹ tó tún gbin ẹ̀fọ́, ẹ wá agolo mẹ́rin, ẹ lu ìdí wọn. Ẹ bu iyẹ̀pẹ̀ òkè, kó má jìn ju 10 sẹ̀ǹtímítà lọ, láti ojú ibi mẹ́ta lóko. Ti agolo kẹrin, ẹ bù ú níbi tí ẹnikẹ́ni kò fín oògùn sí rí. Ẹ gbin tẹ̀tẹ̀ sí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ máa bomi rin wọ́n fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ má fi àgbàdo dán an wò, torí àgbàdo máa ń fọ́ atrazine fúnra rẹ̀, kò ní fi ohunkóhun hàn yín. Bí tẹ̀tẹ̀ inú agolo oko bá ṣì ń pọ́n, àgbàdo tàbí ọkà bàbà ni kí ẹ gbin síbẹ̀ lákòókò yìí. Ẹ kọ̀wé padà, kí ẹ sọ agolo tó kọ́kọ́ pọ́n fún mi.