Alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì wa ló ní kí n yanjú WAEC fún àwọn ọmọ

*Màmá, tíṣà ìṣirò ni mí ní ilé-ìwé aládàáni kan ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Tí WAEC bá ti bẹ̀rẹ̀, ọ́fíìsì làwa tíṣà máa ń jókòó sí tí a ó máa yanjú ìbéèrè, wọ́n á sì máa gbé ìdáhùn lọ fún àwọn ọmọ. Àwọn òbí ti sanwó ẹ̀. Mo bá wọn ṣe é lọ́dún tó kọjá, ọkàn mi ò sì balẹ̀ láti ìgbà náà. Alàgbà ni oníléèwé wa, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà la jọ ń lọ. Ìyàwó mi lóyún. Mo fẹ́ sọ pé mi ò ṣe mọ́, àmọ́ tí mo bá ti rí ọkùnrin yìí, àyà mi á já. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti ń pè mí ní Bọ̀dá Mímọ́. Ṣé ìgbàgbọ́ mi ni kò tó?*
*Tíṣà tí àyà ń já*

Ọmọ mi,

Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀gá, tí ìyàwó rẹ̀ sì lóyún, tó ní ẹ̀rù ò ba òun, kò tíì ro ọ̀rọ̀ náà dé ìdí ni. Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ kọ̀wé sí àwọn ará Kọ́ríńtì pé nínú àìlera, ìbẹ̀rù àti ìwárìrì lòun fi wà láàárín wọn. Ó ṣáà wàásù. Torí náà, má tún máa wọn ìgbàgbọ́ rẹ wò. Ìgbà tí wàá sọ̀rọ̀ àti bí wàá ṣe sọ ọ́ ló jẹ mí lógún.

Má dúró di àárọ̀ ọjọ́ ìdánwò. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣubú. A ti gbàdúrà ìgboyà títí, a ò sọ fún ẹnì kankan. A dé ibi iṣẹ́, ìwé ìbéèrè ti wà lórí tábìlì, àwọn yòókù ti mú bírò, ọ̀gá ń pariwo "ẹ ṣe kíá". Ta ló fẹ́ dìde lásìkò yẹn?

Ka Dáníẹ́lì orí kìíní, má tíì sáré lọ síbi ihò kìnnìún. Ó kọ́kọ́ pinnu lọ́kàn rẹ̀ pé òun ò ní fi oúnjẹ ọba ba ara òun jẹ́. Lẹ́yìn náà ló lọ bẹ olórí àwọn ìwẹ̀fà. Ẹ̀bẹ̀ ni o, kò pariwo mọ́ ọn. Nígbà tí ẹ̀rù ń ba ọkùnrin yẹn nítorí orí tirẹ̀, Dáníẹ́lì wá ọ̀nà mìíràn: ó ní kí wọ́n fi ewébẹ̀ àti omi dán àwọn wò fún ọjọ́ 10. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò.

Ìwọ náà, mú nǹkan dání lọ. Sọ fún un pé: "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀. Mi ò ní lè bá wọn yanjú ìbéèrè lọ́dún yìí, torí pé Kristẹni ni mí, ẹ̀rí-ọkàn mi ò sì gbà á. Àmọ́ mo fẹ́ máa kọ́ àwọn SS3 lẹ́yìn àgógó ìparí, mi ò ní gba kọ́bọ̀, títí ìdánwò á fi bẹ̀rẹ̀." Dákẹ́ síbẹ̀. Má ka ẹsẹ Bíbélì fún un, má sì sọ pé Ọlọ́run á bi í. Alàgbà ni, ó mọ ẹsẹ náà jù ọ́ lọ, ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú.

Ó lè bi ọ́ pé, "Ṣé ìwọ kọ́ lo ṣe é lọ́dún tó kọjá?" Fèsì pé, "Èmi ni, sà, mo sì ti kábàámọ̀." Má wá àwíjàre.

Èyí tó le jù ni tó bá ní àánú àwọn ọmọ ló ń ṣe òun. Ọ̀rọ̀ yìí ti mú ọ̀pọ̀ tíṣà tó níwà. Àmọ́ wò ó dáadáa. Tí WAEC bá rí i pé ìdáhùn gbogbo kíláàsì bára mu, wọ́n lè dá èsì wọn dúró tàbí kí wọ́n fagi lé e, ọmọ tó tilẹ̀ lè dá ṣe é á sì bá wọn fara gbá a. Èyí tó gba A1 lọ́fẹ̀ẹ́ á dé yunifásítì, ibẹ̀ ni àṣírí á ti tú. Ọmọ tó bá sì fìdí rẹmi ṣì lè ṣe NECO tàbí GCE. Ní tàwa àgbà, òfin màgòmágó ìdánwò ti 1999 ní kí tíṣà, ọ̀gá ilé-ìwé tàbí alábòójútó tó bá lọ́wọ́ sí i lọ ṣẹ̀wọ̀n ọdún 4, kò sì fi owó ìtanràn sí i. Tí wọ́n bá dé, orúkọ ta ni wọ́n á kọ́kọ́ dá? Tíṣà ìṣirò ni.

Ó lè lé ọ lẹ́nu iṣẹ́. Mi ò ní tàn ọ́ pé Ọlọ́run á kàn mú kó gbé ọ ga lọ́jọ́ kejì. Ṣádírákì àtàwọn ẹnì kejì rẹ̀ sọ fún ọba pé Ọlọ́run lè gba àwọn, wọ́n sì fi kún un pé, bí kò bá tilẹ̀ gbà wọ́n, àwọn ò ní tẹrí ba fún ère. Torí náà, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà sáwọn ilé-ìwé mìíràn láti ọ̀sẹ̀ yìí. Tíṣà ìṣirò kì í wọ́pọ̀. Wá ọmọ méjì mẹ́ta tí wàá máa kọ́ nílé.

Má gbé e lọ sí Facebook. Mátíù 18 ní kó o kọ́kọ́ lọ bá arákùnrin rẹ, ìwọ àti òun nìkan. Tó bá fẹ́ fipá mú ọ, mú ẹnì kan tàbí méjì dání lọ, lẹ́yìn náà kí pásítọ̀ gbọ́. (Ṣọ́ọ̀ṣì tí kò bá lè bá alàgbà wí torí pé òun ló ra jẹnẹrétọ̀, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.)

Ti Bọ̀dá Mímọ́, jẹ́ kí wọ́n máa pè ọ́ bẹ́ẹ̀. Má ṣáà sọ ara rẹ di adájọ́ wọn. Àwọn náà lọ́mọ nílé.

Ìyàwó rẹ ni kó o kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, lálẹ́ òní. Tó bá ní ẹ̀rù ń ba òun, má wàásù fún un. Ẹ jọ ka owó tó wà nílẹ̀, kẹ́ ẹ yọ owó ìbímọ sọ́tọ̀. Tó o bá pàdé Alàgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, kí i, kó o sì kọjá. Ọ́fíìsì rẹ̀ ni kó o ti sọ̀rọ̀, lọ́jọ́ Ajé, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti wọ kíláàsì.