Ìyá mi fẹ́ rí ibi tí wọ́n ti pa Lincoln: báwo la ṣe máa rìn ín?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Bowie, ní ìpínlẹ̀ Maryland, ni à ń gbé. Ìyá mi ń bọ̀ láti Ìbàdàn ní oṣù kẹwàá. Ẹni àádọ́rin ọdún ni wọ́n, olùkọ́ ìtàn ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n ti sọ fún mi pé ṣọ́ọ̀bù kọ́ ni àwọn ń bọ̀ wá wò, ibi tí wọ́n ti pa Ààrẹ Lincoln ni àwọn fẹ́ fi ẹsẹ̀ ara wọn tẹ̀. Orúnkún ń yọ wọ́n lẹ́nu, ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, sì máa bá wa lọ. Ṣé ká sanwó fún àwọn amọ̀nà ni, àbí ká dá a rìn? Ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ àlejò. Ẹ bá mi kí Màmá púpọ̀. Iṣẹ́ mi ni kí n máa mú èèyàn rìn ní àárín ìlú Washington, nínú gbogbo ọ̀nà tí mo sì ń rìn, èyí ló sún mọ́ ọkàn mi jù. Ìdí ni pé àwọn ibi tí ọ̀rọ̀ náà kàn kò jìnnà síra. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le á rìn láti ilé tí wọ́n ti ń gbìmọ̀, dé tíátà tí wọ́n ti yìnbọn, títí dé iwájú ilé ààrẹ, láàárín wákàtí kan. Ẹ má fún Màmá ní wákàtí kan o. Odidi ọjọ́ kan ni kí ẹ fún wọn.

Ní ti amọ̀nà, àwọn Ford's Theatre, tíátà tí wọ́n ti yìnbọn náà, fúnra wọn ní ìrìn kan tí òṣèré máa ń múra bí James McDevitt, ọlọ́pàá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ìlú náà lóru ọjọ́ yẹn lóòótọ́. Òṣèré yìí á máa mú èèyàn kiri bí ẹni tó ń tọpa ọ̀daràn. Ó dùn, ọmọ yín á sì gbádùn rẹ̀. Àmọ́ orí ìdúró ni ẹ ó wà fún nǹkan bíi wákàtí méjì, pẹ̀lú àwọn àlejò mìíràn, amọ̀nà ò sì lè fi gbogbo èrò dúró de ẹnì kan. Nítorí orúnkún Màmá, ẹ dá a rìn. Tó bá yá, kí ẹnì kan nínú yín mú ọmọ lọ sí ti òṣèré lọ́jọ́ mìíràn.

Ẹ gbé ọkọ̀ yín sílẹ̀ ní New Carrollton, kí ẹ wọ tréènì aláwọ̀ ọsàn dé Metro Center, kí ẹ wọ aláwọ̀ pupa níbẹ̀, kí ẹ sọ̀ ní Gallery Place, ibùdókọ̀ kan péré. Agogo mọ́kànlá òwúrọ̀ ti tó. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń lọ tààrà sí tíátà, èmi kì í bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ilé nọ́ńbà 604 ní òpópónà H, ní àdúgbò àwọn ará Ṣáínà, ni mo máa ń kọ́kọ́ mú àlejò lọ. Ẹni tó ń kọjá ò ní í wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ta oúnjẹ Ṣáínà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 1865, opó kan tó ń jẹ́ Mary Surratt ló ni ín, tó ń gba àwọn ayálégbé sínú rẹ̀, ibẹ̀ sì ni òṣèré John Wilkes Booth àti àwọn tó ń bá a dìtẹ̀ ti ń wọlé-jáde.

Níwájú ilé yẹn ni kí ẹ ti sọ ìdí ọ̀rọ̀ náà fún ọmọ, àbí kí ẹ jẹ́ kí Màmá sọ ọ́, olùkọ́ kúkú ni wọ́n. Ọjọ́ 9 oṣù kẹrin, 1865, ni Ọ̀gágun Lee, olórí ogun àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù tó ń bá ìjọba Lincoln jà, túúbá. Ní ọjọ́ 11, Lincoln dúró lójú fèrèsé ilé ààrẹ, ó sì sọ pé òun fẹ́ kí àwọn kan lára àwọn èèyàn dúdú máa dìbò. Booth wà láàárín èrò tó ń gbọ́ ọ. Tẹ́lẹ̀, ṣe ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ jí ààrẹ gbé. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn, pípa ló kù lọ́kàn Booth. Ìbò àwa èèyàn dúdú ló bí i nínú tó bẹ́ẹ̀, mi ò sì tíì dúró níwájú ilé yẹn rí kí ọ̀rọ̀ yìí má dùn mí. Ìyá Surratt ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà pa, wọ́n so ó rọ̀ ní ọjọ́ 7 oṣù keje ọdún náà. Bí ohun tó mọ̀ ṣe tó, wọ́n ṣì ń jiyàn lé e lórí títí dòní.

Ẹ sọdá sí National Portrait Gallery, mùsíọ́mù àwòrán àwọn èèyàn pàtàkì, kò jìnnà rárá. Ọ̀fẹ́ ni, agogo mọ́kànlá ààbọ̀ ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn. Àgbàlá ńlá kan wà láàárín ilé náà tí wọ́n fi gíláàsì bò lórí, àga wà níbẹ̀, ilé ìtura wà. Kí Màmá na ẹsẹ̀ dáadáa. Ilé yìí kan náà ni wọ́n ti jó ijó ayẹyẹ ìbúra Lincoln ẹlẹ́ẹ̀kejì, ní ọjọ́ 6 oṣù kẹta, 1865. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ò pé sígbà náà tó fi kú.

Tí ẹ bá jáde sí òpópónà F, ẹ yà sí ọ̀tún. Lẹ́yìn tí ẹ bá kọjá òpópónà 9, ẹ ó rí ẹ̀yìnkùlé tóóró kan tí wọ́n ń pè ní Baptist Alley. Ẹ̀yìn tíátà nìyẹn. Ọ̀nà yìí ni Booth gbà sá, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹ gbà dé. Ọ̀dọ́kùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Peanuts ló di ẹṣin rẹ̀ mú. Nígbà tí Booth sáré jáde, ṣe ló gbá a ṣubú kó tó fò gun ẹṣin. Ẹ dúró níbẹ̀ díẹ̀, ẹ wo bí ọ̀nà náà ṣe há.

Ẹ ti gbọ́dọ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì tíátà sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí wọ́n máa ń kọ aago ìwọlé sí i. Ẹ mú ti agogo kan ọ̀sán. Kí ẹ wò ó dáadáa pé kò sí eré tàbí ìdánrawò lọ́jọ́ náà, torí tíátà tó ṣì ń ṣeré ni. Ìbọn Booth wà ní mùsíọ́mù ìsàlẹ̀, ìbọn ìléwọ́ kékeré tí kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ọta kan ṣoṣo ló ń gbà. Ẹ gbé ọmọ dúró níwájú rẹ̀, kó na ọwọ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì. Látorí àga ìsàlẹ̀ lẹ ó ti rí yàrá òkè tí ààrẹ jókòó sí, àsíá ni wọ́n fi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, pẹ̀lú àwòrán George Washington. Ọjọ́ Ẹtì Rere ni, 14 oṣù kẹrin, agogo mẹ́wàá alẹ́ ti lé díẹ̀. Booth mọ eré náà lórí, ó dúró de ibi tí gbogbo èrò máa ti rẹ́rìn-ín kó tó yìnbọn. Ó fi ọ̀bẹ ṣá Rathbone, ọ̀gá ológun tó bá wọn jókòó, ó sì bẹ́ sórí ìtàgé.

Màmá á fẹ́ mọ ohun tó jẹ́ ojúlówó. Ilé náà wó nínú ní 1893, ó pa akọ̀wé ìjọba 22, ní 1968 ni wọ́n tún un ṣí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀. Àga tí Lincoln jókòó lé wà ní Dearborn, ní Michigan. Ọta tó pa á wà ní mùsíọ́mù kan ní Silver Spring, ní Maryland yín níbẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá jáde, ẹ rọra. Òdìkejì títì ni Petersen House, ilé tí Lincoln kú sí, wà, àwọn tó gbé ààrẹ sọdá nínú òkùnkùn kò sì mọ ilé tí wọ́n ń gbé e lọ. Kí ọmọ yín máa ka ìṣísẹ̀. Mo ti rí àgbàlagbà tó dúró lórí pèpéle ẹ̀gbẹ́ títì yìí, tó ṣí fìlà, tí kò sọ nǹkan kan. Télọ̀ ará Jámánì kan ló ni ilé náà, yàrá ẹ̀yìn tí sójà kan háyà ni wọ́n tẹ́ ààrẹ sí. Ọkùnrin gíga ni Lincoln, bẹ́ẹ̀dì kò gbà á, ìdábùú ni wọ́n tẹ́ ẹ. Ọba tiwa kì í kú, ó ń wàjà ni. Àmọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì ayálégbé ni ọkùnrin tó pàṣẹ ìtúsílẹ̀ àwọn ẹrú ti mí èémí ìkẹyìn, ní agogo méje kọjá ìṣẹ́jú 22 òwúrọ̀. Àwòkọ ni bẹ́ẹ̀dì tí ẹ ó bá níbẹ̀, Chicago ni tòótọ́ wà. Yàrá náà kéré, ẹ ò ní í pẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má kánjú.

Àtẹ̀gùn ni ẹ ó gùn wọ ilé yìí, kẹ̀kẹ́ arọ ò lè wọ̀ ọ́. Kí Màmá di irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú. Bí orúnkún bá kọ̀, ilé tó tẹ̀ lé e ní lífìtì, òkìtì ìwé tí wọ́n kọ nípa Lincoln sì wà níbẹ̀, ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 34.

Ẹ jẹun. Lẹ́yìn náà ẹ wọ takisí lọ sí Lafayette Square, níwájú ilé ààrẹ. Ẹ má wulẹ̀ yà sí igun òpópónà 12 àti Pennsylvania, níbi tó yẹ kí Atzerodt, ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ Booth, ti pa igbákejì ààrẹ, Andrew Johnson. Ẹ̀rù ba Atzerodt, ó lọ mutí, hòtẹ́ẹ̀lì tí Johnson ń gbé níbẹ̀ ò sì sí mọ́. Ní Lafayette, ìjókòó pọ̀ lábẹ́ igi. Ẹ kọjú sí ilé ẹjọ́ tó wà ní Madison Place. Orí ilẹ̀ yẹn ni ilé William Seward wà, akọ̀wé ìjọba fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Orí bẹ́ẹ̀dì, níbi tó ti ń tọ́jú ara tó fi pa nínú ìjàǹbá kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin, ni Lewis Powell, òun náà wà lára àwọn ẹgbẹ́ Booth, bá a, tó ní oògùn ni dókítà fi rán òun, ló bá fi ọ̀bẹ ṣá a lójú. Seward kò kú.

Tréènì aláwọ̀ ọsàn wà nítòsí níbẹ̀, ní McPherson Square, á gbé yín dé New Carrollton tààrà. Kí Màmá wọ bàtà tó ti mọ́ wọn lẹ́sẹ̀, kí wọ́n mú súwẹ́tà dání, oṣù kẹwàá ibí kì í ṣe ti Ìbàdàn.

Tó bá di ọjọ́ mìíràn, ẹ fi ọkọ̀ gbé wọn lọ sí Surratt House ní Clinton, kò jìnnà sí yín. Ìyá òpópónà H yẹn kan náà ló ni ilé ọtí tó wà níbẹ̀, ibẹ̀ ni Booth àti David Herold, ẹni tó bá a sá lọ, ti yà gba ìbọn lóru ọjọ́ náà kí wọ́n tó forí lé gúúsù. Wọn kì í ṣí i lójoojúmọ́, ẹ pè wọ́n kí ẹ tó gbéra.