Èsì: Ṣé mo lè lo fọ́tò Ìkògòsì tí mo rí lórí Facebook?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní gbogbo ayé ló ń rí fọ́tò ìsun omi Ìkògòsì, ní Èkìtì, yẹn, ṣé ẹ wá lè fi sára pósítà ilé ìtura yín? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ẹni tó yà á ló ni ín, òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ Nàìjíríà ti ọdún 2022 sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Kí ẹ fi pamọ́ kí ẹ máa wò ó nìkan, ìyẹn kò burú. Ti òwò ló yàtọ̀.

Ó ká mi lára torí ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo ya màmá mi níbi tí wọ́n ti ń gún iyán lẹ́yìn ilé wa ní Adó, mo gbé e sórí Facebook. Kò pẹ́ tí mo fi rí ojú wọn gàdàgbà lára pátákó olóúnjẹ kan. Wọn ò bi mí, wọn ò bi màmá. Àwọn ará àdúgbò wá ń bi màmá pé ìgbà wo ni wọ́n ṣí búkà. Inú màmá bàjẹ́ gan-an.

Ẹ tẹ ẹni tó ya fọ́tò Ìkògòsì yẹn ní àtẹ̀jíṣẹ́. Ẹ sọ ibi tí ẹ fẹ́ lò ó, kí ẹ bi í ní iye tó máa gbà. Bí èèyàn bá hàn nínú rẹ̀, pàápàá ọmọdé, ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn náà tàbí òbí wọn. Ẹ tọ́jú líǹkì rẹ̀ pẹ̀lú, kí ẹ má baà sọ orúkọ onífọ́tò nù.

Bí kò bá dáhùn, ẹ gbé fóònù yín lọ sí Ìkògòsì, kí ẹ ya ibi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé fúnra yín.